Ẹlẹ́rìí Méje, Agolo Kan

Torino,
Ọ̀sán Ọjọ́ Ajé, oṣù kọkànlá, 1996.

Tọ́lá mi, Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Kùrukùru ti bo àdúgbò wa láti àárọ̀ débi pé mi ò rí ilé tó dojú kọ tiwa mọ́. Mò ń gbọ́ tram tó ń kọjá nísàlẹ̀, mi ò rí i. Bàbá rẹ ń múra láti lọ ra búrẹ́dì. Ó ní kí n má jẹ́ kí ìwé yìí gùn, pé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, tó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́, kò ráyè ìwé gígùn. Mo ní, "Bàbá Tọ́lá, ẹ lọ ra búrẹ́dì yín." Nítorí náà, bá mi jókòó. Mo lè tún tẹ̀ ọ́ láago, àmọ́ lórí fóònù o máa ń bá mi jiyàn kí ọ̀rọ̀ mi tó dé ìdajì. O kò lè bá bébà jiyàn.

Ohun tí a sọ lánàá ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí a ṣe sọ ọ́, kí o lè fi ojú ara rẹ wò ó.

"Mamma, sono sette!" ni o ń pariwo. "Laboratorio méje ló wọn irin yìí. Méjèèje ló rí gegele kan náà lórí ìlà ìwọ̀n wọn, ní ibì kan náà. Kí lẹ tún fẹ́?"

Mo bi ọ́ pé kí ni ẹni kẹjọ rí.

"Ẹni kẹjọ ò rí nǹkan kan. Ma dai, Mamma, ẹ̀rọ wọn ti gbó. Dottore, ọ̀gá wa, ní ká yọ wọ́n kúrò."

"Ta ló ni ègé irin tí àwọn méje yẹn wọ̀n?"

"Boh. Laboratorio àkọ́kọ́ ló ṣe é, àwọn yòókù sì ń yá a. Ó wà nínú armadio, kọ́bọ́ọ̀dù Dottore, báyìí, nínú agolo rẹ̀. Gbogbo wọn ló tọ́jú ẹ̀ dáadáa, kò sẹ́ni tó ṣí i rí."

Lẹ́yìn náà lo sọ fún mi pé Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ kí o fi orúkọ rẹ sí fáìlì ìwọ̀n irin náà, pé Dottore ní ó yẹ kí ìwọ̀n iyèméjì rẹ̀ kéré, níwọ̀n ìgbà tí ẹlẹ́rìí méje ti fẹnu kò. O ń rẹ́rìn-ín. Inú rẹ dùn pé orúkọ rẹ ló máa wà lókè. Inú tèmi náà ìbá dùn.

Mo mọ̀ pé Wálé ọkọ rẹ yóò ka ìwé yìí, kò sì kọ́ irú ẹ̀kọ́ tí àwa kọ́, torí náà jẹ́ kí n ṣàlàyé fún un. Wálé, ọmọ mi, wo piscina, adágún omi tí wọ́n ń kó àwọn ọ̀pá tí wọ́n ti lò nínú ríákítọ̀ sí. Àwọn ọ̀pá náà ti kúrò nínú iná, àmọ́ wọn ò tíì kú. Àwọn nǹkan tín-ín-tìn-ìn-tín tí à ń pè ní nútírọ́nù ń fò láti ara ọ̀pá kan lọ sí ara èkejì. Irin kan wà tí wọ́n fi ṣe ìgànná sáàárín wọn, iṣẹ́ irin náà sì ni pé kí ó máa gbé nútírọ́nù mì. Tó bá gbé èyí tó tó mì, ọ̀pá kò ní jí ọ̀pá. Bí ó ṣe ń gbé e mì ní ìwọ̀n agbára kọ̀ọ̀kan, òun ni ìyàwó rẹ ń kọ sínú fáìlì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀pá ṣe lè súnmọ́ ọ̀pá tó, kò ní tún lọ wọn irin mọ́. Ó máa ṣí fáìlì, ó máa gbà á gbọ́. Bí fáìlì bá wá sọ pé irin náà ń gbé mì ju bó ṣe ń gbé mì gan-an lọ, wọ́n á to àwọn ọ̀pá náà súnmọ́ra jù. Omi náà á mọ́ rekete. Àwọn òṣìṣẹ́ á máa rìn kọjá lókè rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, bébà á sì máa sọ pé kò séwu.

Tọ́lá, kí n tó sọ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ Ìyá Àdùkẹ́ fún ọ. Ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, ìdánwò ni ò ń ṣe lọ́wọ́, a kàn sọ fún ọ pé wọ́n ti kú. Bó ṣe jẹ́ gan-an, a ò sọ ọ́.

Opó ni Ìyá Àdùkẹ́, o rántí, wọ́n ń tọ́jú òyìnbó arúgbó kan ní Novara. Bí wọ́n bá ráyè, wọ́n á wọ treno wá sí ìjọ wa ní Collegno, wọ́n á jókòó ti ẹ̀rọ amúlé-gbóná, wọ́n á ní kí a má ṣe jẹ́ kí oníwàásù pẹ́. Nígbà tó yá, òyìnbó yẹn kú, wọ́n kó lọ sí yàrá kan tí kò ní tẹlifóònù, orúnkún sì ń dùn wọ́n. A ò rí wọn mọ́. Àmọ́ a ń gbúròó wọn. Díákónì Láyẹmí ń ṣiṣẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ní Novara, òun la máa ń bi léèrè lẹ́yìn ìsìn.

"Díákónì, Ìyá Àdùkẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n wà o! Wọ́n ní kí n kí gbogbo ilé."

O mọ bí àwa ṣe ń ṣe. Bí ẹnì kan bá béèrè àgbàlagbà lọ́wọ́ rẹ, o ò ní sọ pé "Mi ò rí wọn." Ó máa dún bí èpè. O máa sọ pé wọ́n wà, pé wọ́n ń kí i. Ìkíni tí ẹnikẹ́ni kò rán ni, a ò sì kà á sí irọ́, ìwà ọmọlúàbí la kà á sí. Mo ti ṣe é, ìwọ náà ti ṣe é. Inú ẹni tó béèrè á dùn, a óò sì máa bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ.

Ṣístà Ronkẹ́ tó ń gbé Alessandria náà máa ń mú ìròyìn wá. Ó ní orúnkún Ìyá Àdùkẹ́ ti fúyẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi mìíràn, Díákónì ní wọ́n ti ra kóòtù tuntun, aláwọ̀ ewé.

"Kóòtù aláwọ̀ ewé!" ni bàbá rẹ ké. "Wọ́n ti rí ọkọ nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n mú ọkọ náà wá ká yẹ̀ ẹ́ wò."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Àdùkẹ́ fi èsì ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní bàbá rẹ ò ní yí padà láéláé.

Nígbà tí ọdún Kérésìmesì ń súnmọ́lé, iṣẹ́ gbé mi dé Novara. Mo gbé gàrí díẹ̀ dání fún wọn. Kùrukùru bíi ti òní yìí ló wà lórí oko ìrẹsì, ó dà bíi pé inú wàrà ni treno ń gbà kọjá. Mo rí àdúgbò náà, mo rí orúkọ wọn lára citofono, agogo ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti kọ ọ́ ní ìkọkúkọ bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń kọ orúkọ wa. Mo tẹ̀ ẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti fa ìbòjú fèrèsé sílẹ̀ pátápátá. Obìnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ bọ̀ dúró lẹ́yìn mi.

"Chi cerca?"

Mo sọ ẹni tí mò ń wá fún un.

"Ah, signora mia. È morta. Prima di Pasqua."

Wọ́n ti kú, kí ọdún Àjíǹde tó dé. Comune, ìjọba ìbílẹ̀, ti wá ẹbí wọn títí, wọn ò rí ẹnì kan, wọ́n sì sin wọ́n. Mo dúró níbẹ̀, gàrí wúwo lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo ohun tí a ti gbọ́ láti ìgbà Àjíǹde: orúnkún tó fúyẹ́, èsì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ. Mi ò mọ ohun tó mú mi béèrè, mo kàn bi obìnrin náà bóyá Màmá ní kóòtù aláwọ̀ ewé kan.

Ó wò mí. "Sì, bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí. "Òun ni wọ́n wọ̀ fún wọn lọ sí ibojì."

Mo padà sí Torino. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, mo pe Díákónì àti Ṣístà Ronkẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bi wọ́n pé ta ló rí Ìyá Àdùkẹ́ kẹ́yìn.

"Èmi kọ́ o," ni Díákónì wí. "Ṣístà Ronkẹ́ ló máa ń sọ fún mi nínú treno."

"Háà! Díákónì! Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún mi!"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan rí kóòtù yẹn lọ́rùn wọn lẹ́ẹ̀kan, nígbà òtútù tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Láti ìgbà náà, ojú ẹlẹ́ran ara kankan kò rí wọn mọ́. Ẹni méjì tó ń bọ̀wọ̀ fún ara wọn ló ń gbé ọ̀rọ̀ ara wọn kiri, wọ́n sì ń fi díẹ̀ kún un.

A ṣe ìsìn ìrántí fún wọn. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìyẹn, ọmọbìnrin kan tí kò tíì gbọ́ wọlé, ó gbọn omi ara agboòrùn rẹ̀ nù, ó sì fi ọ̀yàyà sọ pé, "Ẹ kú ìjọ́sìn o. Ìyá Àdùkẹ́ ní kí n kí yín." Kò sẹ́ni tó láyà láti bi í pé ta ló rán an.

Ìdí nìyí tí ohùn rẹ lánàá fi kó jìnnìjìnnì bá mi.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o ṣe: dẹ́kun kíka ẹlẹ́rìí. Béèrè ohun tí oníkálukú wọn gbé sójú. Laboratorio méje tí wọ́n wọn ègé irin kan ṣoṣo, nínú agolo kan ṣoṣo, pé ẹ̀rọ wọn bára mu nìkan ni wọ́n jẹ́rìí sí. Ohun tó bá wà nínú agolo náà ni méjèèje máa rí, ìbáà jẹ́ irin náà tàbí nǹkan mìíràn. Mo mọ̀ pé irin náà ṣọ̀wọ́n, pé kì í ṣe ẹni gbogbo ló lè ṣe tirẹ̀. Mo sì mọ̀ pé láàárín wa, ẹni tí wọ́n bá yá ní ègé irin gbọ́dọ̀ dá a padà bí ó ṣe gbà á, láìfọwọ́ kan ìdè rẹ̀. Ìwà rere ni. Ìwà rere náà la hù sí Ìyá Àdùkẹ́.

Gbọ́ èyí dáadáa. Nígbà tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Padova, irú agolo bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ọ́fíìsì àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ní ìsàlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa. Bí wọ́n bá ti fi ègé irin sínú rẹ̀ tán, wọ́n á fi irin yíyọ́ jó ẹnu rẹ̀ pọ̀, irin yíyọ́ náà sì máa ń ní fàdákà nínú. Fàdákà kò ṣeé fojú di. Ní nǹkan bí ìwọ̀n agbára márùn-ún lórí òṣùwọ̀n wa, ó ń gbé nútírọ́nù mì bí ẹni tí ebi ń pa. Níbo ni gegele rẹ wà, Tọ́lá?

O máa sọ pé, "Mamma, wọ́n ti wọn agolo òfìfo, wọ́n sì ti yọ tirẹ̀ kúrò." Mo mọ̀. Èmi náà ti ṣe é nígbà tí mo wà bíi tìrẹ, ó tiẹ̀ ń mú orí mi wú pé mi ò gbàgbé rẹ̀. Àmọ́ bi ara rẹ pé ta ló máa jó ẹnu agolo tí kò ní nǹkan kan nínú pọ̀? Kò sẹ́ni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn máa ń dé e ni. Nítorí náà, agolo tí wọ́n yọ kúrò kò ní fàdákà, èyí tí wọ́n wọ̀n sì ṣeé ṣe kó ní in.

Mi ò sọ pé fàdákà ni o. Mi ò rí agolo náà. Mò ń sọ fún ọ pé kò sẹ́ni tó rí i.

Ṣáájú kí o tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, gbé ìlà méjèèje sílẹ̀, kí o sì wo nǹkan bí ìwọ̀n agbára mẹ́rìndínlógún. Fàdákà máa ń ní gegele kejì níbẹ̀, ó kéré sí ti àkọ́kọ́. Bí o bá rí nǹkan tó wú díẹ̀ níbẹ̀, tí àwọn èèyàn ti pè ní ariwo ẹ̀rọ, má bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Wò ó bóyá ibì kan náà ló wà nínú méjèèje. Ariwo ẹ̀rọ kì í mọ ibi tó máa jókòó sí lẹ́ẹ̀méje.

Ohun mìíràn ni ti ẹni kẹjọ tí ẹ fẹ́ yọ kúrò. O sọ fún mi pé ẹ̀rọ wọn gbó. Ó dára, kọ ìwọ̀n iyèméjì tó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Àmọ́ ǹjẹ́ o ka ojú ìwé tí wọ́n ti sọ bí wọ́n ṣe rí ègé irin tiwọn? Mo wò ó nínú dischetto, díìsì kọ̀ǹpútà tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn fúnra wọn ló ṣe tiwọn, inú àpò tín-ínrín ni wọ́n kó o sí, wọn ò jó nǹkan kan pọ̀. Àwọn nìkan ni kò yá ti ẹlòmíràn lò. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, mo yọ àmì kan kúrò nínú ìlà mi nítorí pé ó dá dúró, ìlà náà sì wá lẹ́wà gan-an. Ọ̀jọ̀gbọ́n mi gbé e sókè sí fèrèsé. "Che bella curva, signorina," ni ó wí. "Peccato." Ìlà náà lẹ́wà lójú rẹ̀, àmọ́ ó ní ó ṣeni láàánú. Ó dá a padà fún mi. Ìtìjú yẹn dára fún mi ju ìwé lọ.

Ti Dottore rẹ. Èèyàn burúkú kọ́ ni, má sọ ọ́ di ọ̀tá. Ó ti gbé pẹ̀lú gegele yẹn pẹ́ débi pé ó ti di ara ilé fún un. Má lọ bá a níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lọ bá a ní àárọ̀ nígbà tó bá ń mu kọfí, kí o sọ pé, "Dottore, ho un dubbio," pé o ní iyèméjì kan. Má sọ pé ó ṣe àṣìṣe, nítorí pé o ò tíì mọ̀. Ní kí ó jẹ́ kí ẹ wọn agolo òfìfo kan tí ẹ ti jó ẹnu rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì ṣí ti inú armadio. Bó bá ní kò sí àyè kí Ọjọ́ Ẹtì tó dé, sọ fún un pé o máa fi orúkọ rẹ sí i bí ìwọ̀n iyèméjì bá fẹ̀ tó láti gba ẹni kẹjọ mọ́ra. Bó bá kọ ìyẹn náà, má fọwọ́ sí i.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé kò ní sí wàhálà. Periodo di prova, ìgbà ìdánwò ẹnu iṣẹ́, lo wà. Mo mọ̀ pé contratto yẹn, ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ, lẹ fi gba ilé, ìwọ àti Wálé, mo sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń rí àwa àjèjì tó bá ń béèrè ìbéèrè. Wọ́n lè sọ pé o ò mọ bí a ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́. Wọ́n lè má sọ contratto náà dọ̀tun. Èmi náà á sunkún pẹ̀lú rẹ. Bàbá rẹ ti dé báyìí, ó dúró lẹ́yìn mi, ó ń ka ohun tí mò ń kọ láìgba àyè. Ó ní, "Sọ fún un pé yàrá rẹ̀ ṣì wà. Wálé náà lè wá, bó bá máa fọ abọ́."

Mo ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ ti fọ tàná?"

Ó bọ́ sí ilé ìdáná.

Àjọkẹ́, àwọn tó ń lo fáìlì yìí kò ní mọ̀ ọ́. Wọn kò ní mọ̀ pé o jẹ́ ọmọ Torino, pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó, pé Dottore ń kánjú. Bí àwa méjèèjì bá ti kúrò láyé, orúkọ rẹ á ṣì wà níbẹ̀, á ṣì máa sọ fún wọn pé ẹnì kan ti wò ó. Mo fẹ́ kí ẹnì kan ti wò ó lóòótọ́.

Mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà láti òwúrọ̀. Mo ṣe ìṣirò piscina pẹ̀lú gegele rẹ nínú rẹ̀, mo sì tún ṣe é láìsí i, bí mo ṣe ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Mo ti rí ohun tó jáde. Bàbá rẹ bi mí, mi ò sọ fún un. Mi ò ní sọ fún ìwọ náà. Bí mo bá kọ nọ́ńbà yẹn síbí, o máa gbé e lọ bá Dottore, o máa sọ pé ìyá rẹ ló wí, a ó sì ti di méjì tó rí nǹkan kan náà, bẹ́ẹ̀ èmi nìkan ni mo wò ó. Jókòó ṣe tìrẹ. Nígbà tí o bá ti parí, pè mí, a óò jọ sọ tiwa lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá yàtọ̀, a óò tún wò ó, ìwọ lọ́hùn-ún, èmi níbí.

Mo fẹ́ sáré gbé ìwé yìí lọ sí posta kí wọ́n tó tì í, kí espresso, lẹ́tà oníkíákíá, lè gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ lọ́la tàbí lọ́túùnla. Wálé, bí ó bá jókòó ti ìṣirò náà, má pè é jẹun títí tó fi máa parí.

Ṣí agolo náà, Tọ́lá. Orúkọ lè dúró ná.

Èmi ni ìyá rẹ.